Èémí Onílé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò mi lónìí. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé pé èmi ni mo gbà á, wọn ò fi okùn fà mí. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń dán ètò kọ̀ǹpútà wò ti kógbá sílé, ọwọ́ mi dilẹ̀. Ẹni tó ń dán géèmù wò fún àbúrò mi sì ti bínú lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n ni mo ti mọ ohun tó bí i nínú.

Yàrá méjì ni wọ́n ní, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Òórùn gọ́ọ̀mù bàtà ń gba àárín pákó wọlé. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí wọ́n lè rí òkùnkùn ojú kọ̀ǹpútà dáadáa, nítorí náà ọ̀sán gangan la fi ń tan iná. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: àbúrò mi, tí àwọn yòókù ń pè ní Ọ̀gá, ayàwòrán tó jẹ́ obìnrin, tó máa ń jẹ èékánná, ọkùnrin tó ń ṣètò ìró, tí wọ́n ń pè ní Etí-Ehoro, àti èmi. Àbúrò mi ní kí n máa pe òun ní Ọ̀gá níbi iṣẹ́. Mo ní ọmọ tí mo pọ̀n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn, ọ̀gá wo? Etí-Ehoro rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

"Onílé Ti Dé" ni wọ́n sọ géèmù náà. O jí nínú ilé tí kì í ṣe tìrẹ. O ò rí ojú ara rẹ, ọwọ́ rẹ nìkan lo máa ń rí níwájú. Ohun tí ojú ẹni náà bá rí ni ìwọ náà rí. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí igi. Tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ. Nǹkan kan ń rìn káàkiri ilé náà, Onílé ni wọ́n ń pè é, ìwọ ló sì ń wá. Bó o bá gbúròó rẹ̀, kó o kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kó o ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kó o dákẹ́ títí yóò fi kọjá. Bó bá mú ọ, o kú. Bó o bá jáde nílé náà, o borí.

Onílé pa mí títí ọwọ́ fi ń ro mí. Àbúrò mi dúró sẹ́yìn mi, inú rẹ̀ ń dùn. Irú inú dídùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ kí n lè rí àyè bú èyí tó kù.

Wọn ò fi orin kankan sí i. Àwọn tó ń ṣe irú géèmù yìí máa ń fi dùùrù ké sí ọ létí kó o lè mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù bà ọ́. Èyí dákẹ́ rọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ lo máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bó o bá kánjú, á dún, bó bá sì ti dún, o ti ránṣẹ́ pe ẹni tí o ò fẹ́ rí. Kí n tó jẹun ọ̀sán, mo ti mọ ilé yẹn bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Mo mọ pákó tó ń ké. Mo mọ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tanni jẹ. Ayàwòrán yẹn mọ ohun tó ń ṣe, èékánná tó ń jẹ kò jẹ ẹ́ lásán.

Èémí Onílé wá ńkọ́? Láti ẹ̀yìn ògiri lo ti máa ń gbọ́ ọ, ó jìnnà, ohùn kọ̀ǹpútà wa sì fọ́. Síbẹ̀ gbogbo irun ara mi dìde, mi ò sì mọ ìdí. Mo kọ ọ́ sínú àbọ̀ iṣẹ́ tí mo fún àbúrò mi pé: "Ohun tó dára jù nínú géèmù yìí ni èémí Onílé. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó yá, àléébù.

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì yẹn kì í pẹ́ tó àbẹ́là. O ò tíì mọ ibi tó o wà tí òkùnkùn á ti dé, kì í sì í ṣe òkùnkùn tó ń bani lẹ́rù, òkùnkùn tó ń múni sọ páàdì tá a fi ń ta géèmù mọ́lẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà nínú ìkòkò, ìkòkò wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa, kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn wà nínú àpò ẹ̀wù kan lókè àjà. Ta ló ń gbé ilé, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ sínú ìkòkò? Aago ara ògiri lo gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ rẹ̀ kí géèmù tó rántí ibi tó o dé, àwọn aago náà sì jìnnà síra débi pé bó o bá kú, gbogbo ohun tó o ti ṣe láti àárọ̀ lo máa tún ṣe. Mo kọ ọ́ fún un pé ìyà kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹni tó ń jìyà kì í bẹ̀rù, ó ń bínú ni.

Èyí tó burú jù: bí Onílé bá gba ilé ìdáná wọlé, èjìká rẹ̀ á há sẹ́nu ọ̀nà, á máa rìn lójú kan bí ẹni tó ń wọ bàtà tuntun wò. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì mi tán.

Ní apá ìkẹyìn, ìbọn bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Láti ibo? Ẹni tó bá ti ní ìbọn kì í sá mọ́, ó ti di ọdẹ, ẹran sì ni Onílé dà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnì kankan kò sì sọ ohun tí Onílé ń wá lára wa. Àbúrò mi bá mi jà lórí gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti èyí tó kẹ́yìn, ó ní àdììtú ló ń dẹ́rù bani. Mo ní bí alásè bá gbàgbé iyọ̀, kó má pe ọbẹ̀ rẹ̀ ní àdììtú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Òrùlé ń jò sórí tábìlì ayàwòrán, ó fi ife kọfí rẹ̀ gbà á.

Sílíńdà afẹ́fẹ́ tí Màámi fi ń mí tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń gbé e wá ní kì í ṣe ẹ̀bi òun. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀dọ̀fóró Màámi kò sì gbọ́ àwáwí. Aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní Nọ́ọ̀sì, ló ń jókòó tì wọ́n títí mo fi ń ti ibi iṣẹ́ dé.

Màámi béèrè "ọkọ mi". Ọmọ wọn ọkùnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Kí àkókò òjò tó bẹ̀rẹ̀ ló ti wá kẹ́yìn. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn, ó ní òun fẹ́ tọ́jú ohùn wọn de àwọn ọmọ tí òun máa bí. Màámi pàlọ́ títí wọ́n fi sùn lọ. Mo po tíì fún un. Mo tún bù kún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Etí-Ehoro yá mi ní hẹ́dífóònù rẹ̀ lónìí, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ó ní géèmù tí mò ń fi ohùn kọ̀ǹpútà lásán gbọ́, bí ẹni tó ń fi ìbọ̀wọ́ jẹun ni.

Mo wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá òkè. Onílé wọlé. Èémí náà fà, ó fà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì, ó wá dúró. Mo sì ṣe ohun tí mo ti ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọdún méjì wá: mo dúró dè é. Ó já. "Hẹn" kékeré kan sì tẹ̀ lé e, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá jáwọ́.

Màámi ni.

Ògiri kan ló wà láàárín ibùsùn mi àti tiwọn. "Hẹn" yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ bá wọn. Mo bọ́ hẹ́dífóònù náà, mo gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ nítorí kì í ṣe tèmi. Mo bi Etí-Ehoro ibi tó ti rí èémí yẹn. Ó ní Ọ̀gá ló gbé e wá, tó ní òun rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ìró. Mo ní ìyá tó bí Ọ̀gá ni. Ó ṣí fìlà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo ká àbúrò mi mọ́ orí àtẹ̀gùn kó tó wọlé. Kò sẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ó ní Màámi kì í fọwọ́ kan géèmù, ta ló máa lọ sọ fún wọn? Ó ní ibi tí wọ́n ti sùn lọ nígbà tí wọ́n ń pàlọ́ ni, ẹ̀rọ náà ṣì wà ní títàn, òun gbọ́ ọ nígbà tí òun délé, òun sì mọ̀ pé òun ti rí Onílé.

"Ìyá rẹ lo sọ di iwin," ni mo wí.

"Àǹtí mi, ìró lásán ni."

"Ìró lásán kì í bímọ."

Ó wá fa àbọ̀ iṣẹ́ mi yọ nínú àpò. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó ti fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀: ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó bi mí pé ta ni kí òun gbọ́ tirẹ̀, ṣé òṣìṣẹ́ òun ni àbí ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní bí òun bá yọ èémí yẹn, géèmù náà ti rọ lẹ́sẹ̀.

Òótọ́ ni. Òun gan-an ló bí mi nínú jù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ayàwòrán bi mí ìdí rẹ̀, mo ní ẹni tó bá ti kúrò lójú ìjà ti fi pápá sílẹ̀ fún ọ̀tá. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo àléébù tí mo bá rí. Ní báyìí mò ń kọ ọ́ láìbò. Mo kọ ọ́ pé ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ń dán bí orí apárí. Mo kọ ọ́ pé ọwọ́ tá a ń rí níwájú ní ìka tó gùn ju ti èèyàn lọ.

Ibi tó dun mi sí nìyí: gbogbo ohun tí mo bá kọ ni àbúrò mi ń tún ṣe. Ó ti yọ ìbọn. Ó ti fi kún bátìrì. Ó ti sún àwọn aago mọ́ra, Onílé sì ti ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé wẹ́rẹ́ bí onílé tòótọ́. Géèmù náà ń dára sí i lójoojúmọ́, ọwọ́ mi sì ni. Èmi ni mò ń pọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé mi.

Àwa méjèèjì ò kí ara wa. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí mi, Etí-Ehoro ló ń rán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ti ọjà dé, mo bá Nọ́ọ̀sì lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màámi, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi ìpolówó géèmù kan ránṣẹ́ sí i. Kò mọ ẹni tó ni ín. Ó ní kí Màámi wá gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ayé fi ń ṣeré, pé ó ń mú òun gbọ̀n. Etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ó ti yí ohùn fóònù náà sókè pátápátá.

Mi ò tètè dé ibi tó wà. Ọ̀nà òkùnkùn, ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, èémí, orúkọ géèmù ní lẹ́tà pupa.

Màámi ní kó tún un tàn. Nígbà tó parí, wọ́n ní kó tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ọ̀sì rò pé ó dùn mọ́ wọn ni. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ṣé bí mo ṣe ń dún sí yín létí nìyẹn?"

Mo ní rárá, mo ní ẹlòmíràn ni, mo ní ẹ̀rọ ló ń ṣe irú rẹ̀ báyìí. Wọ́n jẹ́ kí n purọ́ mi tán.

"Èmi ni mò ń mí in," ni wọ́n wí. "Ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá

Ilé dákẹ́.

Bí mo bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá Màámi, èémí wọn á dúró. Ojú wọn á là sílẹ̀, wọ́n á máa wò mí, àyà wọn ò ní mì. Màá gbé omi kalẹ̀, màá tún ìrọ̀rí ṣe, màá máa sọ̀rọ̀ tí kò nídìí. Bí mo bá jáde tán ni màá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, tó ń sáré bí ẹran tí wọ́n tú sílẹ̀.

Mo ti wá ń wúkọ́ kí n tó débẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mò ń kánjú ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n lè tètè kúrò níbẹ̀, kí wọ́n lè rí èémí mí. Nínú ilé tí mò ń gbé, èmi ni mo wá di Onílé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Màámi dákú lónìí. Nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó pẹ́ nídìí rẹ̀, Màámi sì sé èémí títí kò fi ṣeé sé mọ́. Ìgbà tí wọ́n fi pè mí tí mo fi sáré délé, ètè wọn ti dúdú bí aró. Dókítà ti dé. Ó tún ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣe, ó bi mí pé kí ló dé tí aláìsàn fi ń sé èémí mọ́nú. Mo ní ìtìjú ni. Ó ní kò sí oògùn ìtìjú nínú àpò òun.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí dókítà lọ. Ó sunkún, ó ń wí pé ẹyin lohùn, pé òun ló ju ẹyin náà sílẹ̀. Mo ní kì í ṣe òun. Mo mọ ilé ẹni tó jù ú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Mi ò jókòó nígbà tí mo débi iṣẹ́. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ìyá Ọ̀gá yín dákú lánàá nítorí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ayàwòrán bo ẹnu. Àbúrò mi dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó ní kí n bá òun kálọ sí yàrá kejì.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní láti ìgbà tí àìsàn náà ti le, bí òun bá dé ẹnu ọ̀nà wa, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lòun ti máa ń gbọ́ èémí yẹn, ẹsẹ̀ òun á sì kọ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí òun ti dé ilẹ̀kùn tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́, tí òun sì padà. Ó ń jẹ búrẹ́dì náà nínú bọ́ọ̀sì.

"Mi ò lè sọ ọ́ fún yín, Àǹtí mi. Ibi tí mo ti lè sọ ọ́, nínú géèmù, ni mo ti sọ ọ́."

Bóyá ẹlòmíràn á káàánú rẹ̀. Ó yẹ kí n káàánú rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" ni mo wí. "Èmi tí mò ń gbọ́ ọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, tí mò ń nu itọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu wọn, kọ́bọ́ọ̀dù wo ni mo kó sí?"

A gbọ́ òòlù ẹni tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Màámi jẹun díẹ̀. Wọ́n ní, "Pe ọkọ mi wá. Kó gbé ilé tí mò ń mí nínú rẹ̀ yẹn dání."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Ó dé lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà ní abíyá, búrẹ́dì lọ́wọ́. Màámi ti ní kí n gbé wọn jókòó, kí n ya irun wọn, kí n wọ ẹ̀wù tó mọ́ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á sé èémí bó bá wọlé. Wọn ò sé e. Wọ́n jẹ́ kó dún, fífà rẹ̀, dídúró rẹ̀, "hẹn" ìparí rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀.

Wọ́n ní kó wọlé. Wọ́n ní kó ṣí géèmù náà, kó ṣe é kí àwọn rí i.

Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì oúnjẹ wọn. Ẹni tó kọ́ ilé náà kò mọ̀ ọ́n rìn lónìí. Ó ń forí sọ ògiri, ó ń ṣí ilẹ̀kùn tó ń ké. Onílé gbọ́ ọ, ó ń bọ̀. Èémí méjì wá wà nínú yàrá, ọ̀kan láti ibùsùn, ọ̀kan láti inú kọ̀ǹpútà, wọn ò sì bára mu: bí ọ̀kan bá ń fà, èkejì á máa já. Àbúrò mi kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kí ló ń sá fún?" ni Màámi bi í.

"Onílé, Màámi."

"Kí ni Onílé fẹ́ fi í ṣe?"

Ó wò mí. Ó lè wí fún mi pé àdììtú ni, kò lè wí i fún wọn.

"Ó lè jẹ́ omi ló fẹ́ kó bu fún òun," ni Màámi wí. "O ò dúró kó o bi í."

Wọ́n sinmi kí wọ́n tó lè sọ èyí tó kù. Àwa méjèèjì dúró dè wọ́n.

"Yọ mí kúrò nínú ilé yẹn."

Ó kúnlẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí géèmù máa jáde ti sún mọ́lé, ó ní gbogbo ẹni tó ti gbọ́ èémí náà ló ní kò sí irú rẹ̀, ó ní èémí náà gan-an ló dára jù nínú géèmù náà.

"Mo mọ̀ pé ó dára," ni wọ́n wí. "Ta ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tó mi? Yọ mí."

Nígbà tó lọ tán, wọ́n ní kí n gbé búrẹ́dì náà fún Nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Àbúrò mi kò wá síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Ó ti yọ èémí Màámi. Etí-Ehoro ló sọ fún mi. Wọ́n kọ́kọ́ ra èémí kan, ó ń dún bí ẹṣin. Àbúrò mi bá bọ́ bàtà, ó ń sáré gun àtẹ̀gùn, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀, bó bá ti dókè Etí-Ehoro á na ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí i lẹ́nu. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe gòkè wá béèrè pé ta ló ń lé ta.

Mo dán an wò. Mo wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá òkè, Onílé wọlé, mo yán. Mo kọ òótọ́ sínú àbọ̀ iṣẹ́ mi: "Ẹ̀rù Onílé kò bani mọ́. Ó ń mí bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn." Àbúrò mi kà á tán, ó gbé e sílẹ̀, kò tún nǹkan kan ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò bá mi jiyàn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Oòrùn ràn. Mo wọ yàrá Màámi láìwúkọ́. Wọ́n sé e, wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n wá jẹ́ kó lọ. Mo pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Mo ṣètò oògùn tí mo ti ṣètò tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Géèmù jáde. Iṣẹ́ mi parí. Ayàwòrán dì mọ́ mi. Etí-Ehoro fẹ́ fún mi ní hẹ́dífóònù rẹ̀, mo ní kó máa lò ó, mo ti gbọ́ tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ka ohun tí àwọn èèyàn kọ nípa rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n yin ilé náà. Wọ́n yin ilẹ̀kùn, wọ́n yin ìdákẹ́jẹ́, ọ̀kan tilẹ̀ ní ẹni tó ṣètò tọ́ọ̀ṣì yẹn mọ èèyàn lára. Èmi nìyẹn. Wọ́n rà á díẹ̀, kì í ṣe bí àbúrò mi ṣe lálàá rẹ̀. Gbogbo wọn ló sì bá Onílé wí. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Ilé tó dára tó báyìí, wọ́n wá fi ọkùnrin sísanra tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ṣe iwin rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó tì mí fi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dára fún àbúrò mi. Mo kà á fún Màámi nígbà tí mo délé. Wọ́n ní kí n má kà á sétí ọkọ àwọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àbúrò mi wá. Kò mú búrẹ́dì wá. Ó kí mi, mo dá a lóhùn nítorí Màámi ń gbọ́.

Mò ń ká aṣọ lórí àga. Màámi ní àwọn fẹ́ jókòó sídìí fèrèsé. Mo ti fẹ́ dìde, wọ́n ní kí ọkọ àwọn gbé àwọn. Ó sún mọ́ ibùsùn. Kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn bí ẹni tó fẹ́ gbé àpótí, wọ́n ké, ó yọ ọwọ́, òógùn bò ó. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Àǹtí mi, báwo lẹ ṣe máa ń gbé wọn?"

Ọwọ́ kan lẹ́yìn, ọ̀kan lábẹ́ orúnkún, kó o sì jẹ́ kí èémí kọ́kọ́ balẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ, ẹnì kankan ò kọ́ mi. Mo wò ó. Mi ò sọ ọ́, mi ò sì dìde.

Màámi ló gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n gbé e sẹ́yìn ara wọn. Èémí wọn ń fà, nítòsí etí rẹ̀.

"Dúró kí n mí tán," ni wọ́n wí.

Ó dúró.